Ìwé Tí Ọ̀gbẹ́ni Fátókí Fi Ọwọ́ Òsì Kọ

Ẹ̀rọ náà tún sọ ọ́. Ó ní òun kò mọ àṣẹ tí wọ́n pa fún òun. Mìsíìsì Matilda Ṣóyẹmí ka ọ̀rọ̀ náà lójú ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún un kà. Bákan náà ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti ń ṣe ohun kan náà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, tó sì ń gba èsì kan náà. Ìbàdí ń ro ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú kún bàtà, ọjọ́rú sì ni, ó ku ọjọ́ méjì kí ó fún ọ̀gá ilé-ìwé lésì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó wà nílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé torí ẹ̀rọ ni obìnrin yìí ṣe ń fìyà jẹ ara rẹ̀. Torí ènìyàn ni. Ọ̀gbẹ́ni Harold Fátókí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin tí mò ń sọ yìí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní oṣù kìíní ọdún 1987, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu wọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-ìwé náà wá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ṣì pé. Bí ó bá pé, wọn á fún un láyè kí ara rẹ̀ yá, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá pé, kó máa lọ jókòó sílé. Ohun kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà sì ti ṣe láti ìgbà tó ti ṣàìsàn ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tó fi ọwọ́ òsì kọ, tó ní kí wọ́n gbé fún Mìsíìsì Ṣóyẹmí. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń mú kí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé gbọ́ èdè ló wà nínú rẹ̀. Bí ìwé náà bá ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé orí rẹ̀ pé. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ mọ ìyókù.

Matilda tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni, ọmọ kátíkíìsì, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n sì nìyí tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti lọ, ọ̀kan wà ní Kàdúná, ọ̀kan wà l'Ékòó. Lójú rẹ̀ ni wọ́n fi gbé ìṣirò tuntun dé, tí wọ́n kó gbogbo olùkọ́ lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí wọ́n pa á tì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tún gbé ètò ẹ̀kọ́ mìíràn dé, tí wọ́n tún jókòó. Gbogbo rẹ̀ ni Matilda kọ́, tó sì tún gbàgbé. Bí ẹ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, "ó rẹ̀ mí" ló máa fi dáhùn, kò sì mọ̀ pé òun ń sọ ọ́ mọ́.

Kọ̀ǹpútà náà dé ní ìparí ọdún tó ṣáájú. Àwọn tó ti jáde nílé-ìwé náà ló rà á, wọ́n gbé e wá láti Èkó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n hun bò ó, wọ́n sì lọ. Ìwé tó yẹ kó bá a wá kò bá a wá. Ó ṣẹ́kù sílé ẹni tó rà á. Àwọn olùkọ́ ń wọlé wá wò ó, wọ́n á ṣí aṣọ ojú rẹ̀, wọ́n á sọ pé "háà", wọ́n á dá aṣọ padà. Fátókí nìkan ló wọkọ̀ lọ sí Èkó, tó jókòó sí pálọ̀ olówó fún ọjọ́ méjì gbáko láti ka ìwé náà tán, nítorí wọn kò jẹ́ kó gbé e jáde.

Nígbà tó dé, ó sọ fún Matilda pé ẹ̀rọ náà kò gbọ́ èdè kankan tí ènìyàn ń kọ. "Ẹ lè kọ ọ́ títí ọwọ́ yín á fi bó, Mìsíìsì, kò mọ ohun tẹ́ ẹ ń wí. Àfi ká fún un ní ògbufọ̀." Páskàlì ni orúkọ èdè tó fẹ́ kọ́ ọ. Àwo pẹlẹbẹ dúdú kan ni ògbufọ̀ náà wà nínú rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ̀rọ sì ní ẹnu méjì tí wọ́n ń ki àwo bọ̀. Ẹ kò kàn lè ki ògbufọ̀ bọ ẹnu ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú àyè sílẹ̀ fún un. Ọ̀sán mẹ́ta ni Fátókí fi ń ṣàlàyé èyí fún Matilda, ìdajì rẹ̀ ló yé e, ó sì mi orí sí ìdajì yòókù torí pé ebi ń pa á. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni àìsàn náà dé.

Ohun tó kọ́kọ́ sá kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà ni Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ajá rẹ̀ wí, kò rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mú níbẹ̀ mọ́. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Èdè ìyá rẹ̀ ló ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tètè dé ọwọ́ ju ẹnu lọ. Báyìí ni Fátókí ṣe fi èdè Yorùbá kọ ìlànà kọ̀ǹpútà láti ojú ewé kìíní dé ìkẹsàn-án, pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́, ọwọ́ òsì ń gbọ̀n bó ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ wá rántí irú ilé-ìwé tó jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ nínú ọgbà yóò gbé pátákó kọ́ ọrùn títí aago ìparí yóò fi lù. Matilda fúnra rẹ̀ ló ń kọ orúkọ wọn. Nígbà tí ìwé Fátókí dé yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n kà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà lédè Yorùbá!" Edith tó ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ ẹ̀ rí i pé ọkùnrin yìí ti lọ?" Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè tan ẹ̀rọ náà nínú gbogbo wọn.

Ojú ewé kìíní lọ báyìí: "Ẹ fi àwo kìíní sí ẹnu òsì. Ẹ tan ẹ̀rọ. Ó máa bèèrè ọjọ́, ẹ má dá a lóhùn, ẹ tẹ bọ́tìnì ńlá." Lẹ́yìn èyí ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé àṣẹ tí ẹ̀rọ máa ń kà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní: "Ẹ kọ èyí sínú rẹ̀: FILES=2ọ. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Ẹ wá fi àwo ògbufọ̀ sí ẹnu ọ̀tún. Ògbufọ̀ ń fẹ́ àyè púpọ̀. Bí kò bá rí àyè, kò ní jókòó."

Matilda ṣe é bó ṣe wà níbẹ̀. Ó kọ méjì, ó fẹ́ kọ ọ, ó wo kíbọ́ọ̀dù yíká, kò rí ọ. Ó rò ó pé àwọn òyìnbó tó ṣe é kò ní ọ ní tiwọn, ó sì kọ O lásán. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ àṣẹ náà. Ó kọ o kékeré, ẹ̀rọ kọ̀. Ó fi àmì ìdúró sí ẹ̀yìn O, ẹ̀rọ kọ̀. Ìgbàkígbà tó bá yí i padà, àfi kó pa ẹ̀rọ, kó tún un tàn, kó dúró kó kùn tán, kó tún ka èsì. Bí ó bá sì fi agídí ki ògbufọ̀ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀, ògbufọ̀ á ní àyè kò tó òun. Nígbà mìíràn iná á lọ láàárín rẹ̀, á jókòó sínú ooru, á máa fi ìwé náà fẹ́ ara rẹ̀. Iná kì í sì í tètè dé.

Ó lọ bá Ràmọ́tà, obìnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ọ̀gá.

"Ràmọ́tà, báwo lo ṣe ń tẹ ọ lórí tàpùráítà ẹ?"

"Mà á tẹ o, ma," Ràmọ́tà dáhùn, "tí mo bá yọ bébà tán, mà á fi báírò ta àmì sí i nísàlẹ̀." Ó wo ojú rẹ̀. "Àbí ẹ fẹ́ fi báírò ta ojú kọ̀ǹpútà ni?"

Matilda kò rẹ́rìn-ín, torí ká má purọ́, ó ti rò ó.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí kò lọ bi ẹni tó kọ ọ́. Ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló rìn dé Mọ̀lípà, ilé Fátókí. Ó bá a níbi tó jókòó sí, ó sọ fún un pé ìwé náà kò ṣiṣẹ́, ó fi ìka sí ibẹ̀, ó ní, "Méjì lẹ kọ, lẹ́yìn ẹ̀ ńkọ́?" Ara ọkùnrin náà dìde. Ó la ẹnu, ó ní "ò," ó tún ní "ò, ò," ìyókù ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun, òógùn bò ó. Matilda ní, "O ni, àbí? O lásán?" Fátókí gbọn orí, ó sì ń gbọn ọ́n títí tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Omi wá bọ́ lójú rẹ̀. Rachel ìyàwó rẹ̀ sin Matilda dé ẹnu ọ̀nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ọ̀rọ̀ ìwé náà dà á láàmú mọ́, Ọlọ́run á bá wọn ṣe é. Matilda kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń kọ O.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ó ti sú u. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí, pè é sí ọ́fíìsì. Ènìyàn dáadáa ni ọ̀gá yìí, òun ló ti fi ọwọ́ mú ìwé ìgbìmọ̀ dúró láti ìgbà yí wá kó má baà dáhùn.

"Mìsíìsì, wọ́n ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ẹ má ṣàánú, ẹ má bínú. Ṣé ìwé yẹn ní láárí?"

"Ó rẹ̀ mí, sà," ni Matilda wí.

"Mo mọ̀. Ó rẹ gbogbo wa. Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ràmọ́tà, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara. Ó ní òun ti dán ìwé náà wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní àṣẹ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ mọ̀, ẹni tó kọ ọ́ ló dà bí ẹni pé ó rò ó láti orí ara rẹ̀. Ó ní èdè Yorùbá ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀. Lójú tòun, ọpọlọ Ọ̀gbẹ́ni Fátókí kò tíì padà bọ̀ sípò. Ó bu ọwọ́ lù ú. Nígbà tó jáde, ara rẹ̀ fúyẹ́, ojú sì tì í pé ara òun fúyẹ́. Ó délé, ó po gàrí, ó mu ún, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ló pinnu láti dá ìwé náà padà fún ẹni tó kọ ọ́. Kò fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun mọ́. Oòrùn ń mú ganrínganrín nígbà tó kan ilẹ̀kùn ní Mọ̀lípà.

"Yèsí?" ohùn Rachel wá láti ẹ̀yìnkùlé.

"Èmi ni, Ìyá Ìbítáyọ̀. Matilda."

Rachel sáré nu ọwọ́, ó ṣílẹ̀kùn, ó kí i káàbọ̀. Fátókí ń sùn nínú yàrá. Rachel gbé omi fún un, ó jókòó tì í, ó ń sọ bí ọkọ òun ṣe wà: pé ó ń jẹun díẹ̀, pé ìkọ́kọrẹ́ nìkan ló rọrùn fún un láti gbé mì, pé kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, kì í sì í bèèrè báírò mọ́ rárá. Matilda kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n fi píìnì kàn mọ́ ọn lára. Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ó kà á: "Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́bọ. Agogo 1ọ."

Ó tún un kà.

"Ìyá Ìbítáyọ̀, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Èwo? Ìyẹn? Nọ́ọ̀sì tó ń bá a na ọwọ́ ni. Agogo mẹ́wàá ló máa ń dé. Ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́, kí n má baà gbàgbé."

"Mẹ́wàá ló kọ yìí?"

"Mẹ́wàá ni." Rachel sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ka sí i. "Ṣé ẹ ò mọ bó ṣe ń kọ òdo ni? Àárín ẹ̀ ló máa ń ta àmì sí, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní O. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín yìí ló ti ń ṣe é. Ọwọ́ òsì yìí ni ò jẹ́ kó bọ́ sáàárín mọ́. Ìsàlẹ̀ ló ń bọ́ sí."

Òdo. Ogún. Ogún ni ọkùnrin náà ní kí ó kọ. Èyí tó ń wí ní ọjọ́sí, tí ó há sí i lọ́fun, òdo ni. Obìnrin tó ti fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò wo ogún lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń pè é ní lẹ́tà. Ewé náà kún fún ọ, ọjọ́, ọ̀tún, bọ́tìnì, gbogbo wọn rí róbótó pẹ̀lú àmì nísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi pé ó ṣì í kà. Ṣùgbọ́n kò rò ó. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìwé aláìsàn ni, ó sì kà á bẹ́ẹ̀.

Ó dìde. Ó ki ìwé náà padà sínú báàgì. Rachel bi í pé kí ló dé, ṣé kò ní dúró kí ọkọ òun jí ni, kò ní í pẹ́ jí. Matilda ní òun ń padà bọ̀.

Iná wà. Ó fi àwo kìíní sí ẹnu òsì, ó ṣí ìwé àṣẹ, ó kọ méjì, ó kọ òdo, ó ń kánjú tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ́kọ́ tẹ òdo, ó pa ọ̀kan rẹ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ẹ̀rọ kùn. Ó bèèrè ọjọ́. Kò sọ pé òun kò mọ ohunkóhun. Ó ki ògbufọ̀ bọ ẹnu ọ̀tún, ó pè é, ògbufọ̀ sì jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú ẹ̀rọ mọ́, ó ń dúró dè é kó kọ̀wé.

Ó ṣí ojú ewé kejì. Ìlà mẹ́jọ ni Fátókí kọ síbẹ̀ ní èdè Páskàlì, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu rẹ̀ kò lè pè mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kọ wọ́n síbẹ̀ pé pérépéré. Èdè yẹn kò gba ìkọkúkọ. Àmì kan wà níbẹ̀, kọ́mà tó ní ẹyọ àmì kan lórí, bí ẹ bá gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo, ògbufọ̀ á dúró, á kọ̀. Matilda tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà. Kò fi nǹkankan kún un, kò yọ nǹkankan. Ó ní kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ kò rí àbùkù kankan.

Nǹkan tó jáde sójú ẹ̀rọ ni ìsọdipúpọ̀ méje. Méje lọ́nà kan, méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Ó sọ̀ kalẹ̀ wálẹ̀ títí dé ọ̀nà méjìlá. Matilda yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó pé, kò sí àṣìṣe níbi kankan. Ó gbé orí lé tábìlì. "Mo ti ba ti ọkùnrin yìí jẹ́," ló wí síta, ó sì sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí ń ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì nígbà tó bá a. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwé ti lọ láti Mọ́ńdè, Mìsíìsì."

"Ṣé a ò lè gbà á padà, sà?"

"A ò lè gbà á padà." Ó ṣílẹ̀kùn padà, ó tan iná, ó fa àga fún un. "Ẹ kọ òmíràn. Èmi fúnra mi ni mà á mú un lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ kà ni wọ́n máa ń gbà gbọ́."

Matilda kọ ojú ewé méjì. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ni òun ṣì í kà, kì í ṣe Fátókí ló ṣì í kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èdè tí ènìyàn fi ń ronú kò sọ pé orí rẹ̀ pé tàbí kò pé, ó sì dúró pẹ́ lórí ìlà yẹn, ó ń rántí àwọn pátákó tó ti gbé kọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Kò mọ̀ bóyá wọ́n máa kà á. Ọ̀gá mú un lọ lóòótọ́. Títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí, èsì kò tíì dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú ló padà sí Mọ̀lípà. Fátókí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú àga onírọ̀gbọ̀kú, Rachel ń kó aṣọ gbígbẹ. Matilda kò jókòó. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, ọ̀rọ̀ náà kò ní í jáde.

"Ọ̀gbẹ́ni Fátókí, ìwé yín ṣiṣẹ́. Ìwé yín ò ní àṣìṣe kankan. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. Òdo lẹ kọ, mo pè é ní ọ. Mo sì ti kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ Ẹtì pé orí yín ò pé. Ìwé yẹn ti lọ. Mo ti kọ òmíràn, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti lọ."

Rachel dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Ó wo Matilda, ojú rẹ̀ sì korò. Fátókí tẹjú mọ́ obìnrin náà, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Rachel fẹ́ bá a sọ ọ́, Fátókí gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dá a dúró.

"Èmi," ló wí. Ó mí. "Èmi náà."

"Ẹ̀yin náà kí ni?" Matilda bi í.

"Mo... gbà... bẹ́ẹ̀."

Kò tètè yé Matilda. Rachel ló yé, torí òun ló ń bá a gbé. Láti ọjọ́ tí Matilda ti wá sọ pé ìwé náà kò ṣiṣẹ́ ni ọkùnrin náà ti dákẹ́, tí kò bèèrè báírò mọ́, tó ń dojú kọ ògiri bí ó bá dùbúlẹ̀. Rachel rò pé àìsàn ni. Fátókí ti ń sùn, ó ń jí, ó ń jẹun bí wọ́n bá ní kó jẹ ẹ́, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé orí òun ti dàrú, pé gbogbo ohun tó dá òun lójú pé òun mọ̀ kì í ṣe òótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀. Matilda wá jókòó wàyí, sórí ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Fátókí na ìka sí báàgì Matilda, níbi tí etí ìwé náà ti yọ jáde. "Méje?" ló bèèrè.

"Méje ló gbé jáde. Títí dé ọ̀nà méjìlá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò ṣì í níbi kankan."

"Sọ... ọ́."

Matilda sọ ọ́. Méje lọ́nà kan, méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó rẹ̀, ohùn tó fi ń sọ ọ́ ní kíláàsì láti ọjọ́ yìí wá, ètè Fátókí sì ń mì tẹ̀lé e, ó ń gbìyànjú láti bá a dé òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, kò bá a. Rachel ti gbé aṣọ sílẹ̀. Wọ́n dé ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n dé ọ̀nà mẹ́sàn-án. Matilda ní, "Méje lọ́nà mẹ́wàá."

"Àádọ́rin," ni Fátókí wí, kó tó dé ẹnu Matilda.